Irin Abẹ́ Mọ́tò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, mo mọ̀ pé ẹnu arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ ti sábà máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n irun mi ṣì dúdú, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a-b-d ní jẹ́léósinmi. Mo wọ iṣẹ́ mi ní ọmọge, mo jáde nínú ẹ̀ ní opó. Ohun tó wà láàárín ìwọlé àti ìjáde yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní fi ṣúgà sí i.

Iṣẹ́ wa ni irin abẹ́ mọ́tò. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ lándìrófà tó ń wọ oko, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Òun ló ń jẹ ìyà fún ẹ́ńjìnnì. Kùkùté tàbí òkúta, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bá. Bí kò bá sí níbẹ̀, kùkùté kan péré á lu àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì já, ọ́ìlì á dà tán, mọ́tò á kú sínú igbó tòun tẹrù. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa, obì ni ẹrù yẹn sábà máa ń jẹ́, obì kì í sì í dúró de mẹkáníìkì.

Bí mo ṣe dé ìdí ẹ̀ kò gùn. Mo ka ìwé márùn-ún tán, mo fẹ́ lọ kọ́ táípù. Màmá mi tó ń ta búrẹ́dì ní Íńtáṣéńjì Ṣàgámù wo gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa tó ti kọ́ táípù, wọ́n rí i pé ìkòkò ọbẹ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ nílé. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Súlè, jórinjórin tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà Ògèrè, tí wọ́n máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ màmá mi láràárọ̀. Ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà, gbogbo ayé ló sì ń wá ohun tí wọ́n máa tà tàbí tún ṣe lẹ́bàá ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, búláòsì funfun ni mo wọ̀. Bàbá Súlè ò wo ojú mi, bàtà mi ni wọ́n ń wò.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Fọlákẹ́ ni, sà."

"Fọlákẹ́, wọ abẹ́ mọ́tò yẹn."

Mo wo aṣọ mi. Wọ́n ní, "Mọ́tò ò mọ aṣọ tuntun. Wọ̀ ọ́."

Mo fẹ̀yìn wọ́ wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbọ́ ohùn wọn lókè: "Kí lo rí?"

"Ìdọ̀tí ni, sà."

"Dúró síbẹ̀ títí o fi máa rí nǹkan mìíràn."

Bí ìkọ́ṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún ìgbà pípẹ́, Bàbá Súlè ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Iṣẹ́ mi ni kí n wọ abẹ́ gbogbo mọ́tò tó bá dé, kí n sì jáde wá sọ ibi tó ti ń bọ̀. Mo kọ́ bí ẹrẹ̀ pupa Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ń gbẹ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀ dúdú àbàtà. Mo kọ́ bí ọgbẹ́ òkúta ṣe máa ń gùn tí ọgbẹ́ kùkùté sì máa ń jìn. Bí mo bá sọ ọ́ tí kò tọ̀nà, Bàbá Súlè á ní kí n padà síbẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn mí rí, ẹnu wọn ni pàṣán wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo di nọ́ọ̀tì kan tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n pe gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi ọmọ ìwé márùn-ún yìí, ṣé ìwé kẹfà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì?" Mo sunkún lábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ni àǹfààní abẹ́ mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò ní rí i pé o ń sunkún.

Àwọn awakọ̀ náà ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀kan dé, ó rí ẹsẹ̀ mi tó yọ síta, ó ní, "Ṣé ìyàwó ilé ló wà lábẹ́ mọ́tò mi yìí?" Mo dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bùrọ̀dá, ilé yín ló dọ̀tí jù." Bàbá Súlè rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òòlù fún mi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kọ́ mi ní ohun tó ṣe kókó, ìyẹn bí a ṣe ń yan irin. Irin dúdú ló pọ̀ jù, àmọ́ ìpẹta ń jẹ ẹ́, ó sì wúwo. Àlùmíníọ̀mù fúyẹ́, kì í pẹta, ṣùgbọ́n ọlọ́pọ̀ ìwà ni. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò rọ̀ jù, bí kùkùté bá ti gbá a, á kò, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Òmíràn le jù, á sán bí àwo tánganran. Bàbá Súlè máa ń fi etí igun ẹ̀ sí ẹnu ìdè tó ń di irin mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á jọ̀wọ́ ẹ̀, wọ́n á sì wò bóyá ó máa padà sípò. Èyí tó bá padà lọ́ra, tó ń janpata, òun ni wọ́n máa ń mú.

Wọ́n tan gáàsì lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ahọ́n iná sí irin dúdú kan. Ó pọ́n, ó pọ́n sí i, kó tó rọ̀. Wọ́n wá gbé ẹyọ àlùmíníọ̀mù kan.

"Ìgbà tó bá pọ́n, kó o sọ fún mi."

Mo tẹjú mọ́ ọn. Kò pọ́n. Funfun tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, mo sì la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣubú lulẹ̀ pọ́tọ́, bí ẹ̀kọ gbígbóná.

"O rí i?" Bàbá Súlè pa gáàsì. "Irin dúdú máa ń kìlọ̀ fúnni. Èyí ò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní òfin méjì tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rú ní ṣọ́ọ̀bù wa. Àkọ́kọ́, irin abẹ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, ìyẹn àwọn ihò tí a gbẹ́ sí i, kí ẹrẹ̀ àti koríko tó bá bọ́ sórí ẹ̀ lè jábọ́. Èkejì, kò gbọ́dọ̀ fara kan ẹ́ńjìnnì tàbí sàléńsà tó ń gbé èéfín jáde. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà kí atẹ́gùn lè máa kọjá. Wọ́n á ní, "Irin tí kò ní fèrèsé, àwo ọbẹ̀ ni. Ohun tó bá bọ́ sínú ẹ̀ á jókòó, á sì jinná."

Mo gba fírídọ̀mù, àmọ́ mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nǹkan ti ń yí padà. Ṣísù àti òòlù la fi ń gé irin nígbà tí mo dé, etí mi a máa hó di òru. Nígbà tó yá, Bàbá Súlè ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ra mísíìnì ìjórin oníná, wọ́n sì ra ohun tí a fi ń dá irin lu, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ihò ti dé. Wọ́n fi ọwọ́ pa mísíìnì náà lára bí ẹni pa ẹran ilé lára, wọ́n ní, "Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀ pé irin le." Àmọ́ bí irinṣẹ́ ṣe ń dáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin fúnra ẹ̀ ń di àwátì. Ìgbà ọ̀wọ́n gógó ti wọlé, irin pẹlẹbẹ tuntun ò wá láti òkè òkun mọ́. Ara mọ́tò tó bá ṣubú ní ọ̀nà ńlá la wá ń jẹ. Àwọn tó ń ta àlòkù irin ní Ògèrè á kó o jọ sí òkìtì, a ó lọ ṣà níbẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rí bàtà ọmọdé nínú òkìtì náà. Bàbá Súlè kì í gé irú irin bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé. Wọ́n á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n á pe Bìsìmílà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn dọ̀la. Mo bi wọ́n pé nítorí kí ni. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó sinmi díẹ̀ ná."

Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti pàdé ọkọ mi. Káyọ̀dé ni awakọ̀ Àlájì kan tó ń ta obì ní Sábó. Awakọ̀ mìíràn á já mọ́tò sílẹ̀, á lọ jókòó sídìí ọlọ́tí. Káyọ̀dé á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ mọ́tò, á gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi.

"Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ dìde, aṣọ yín ń bàjẹ́."

"Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń gùn."

"Ẹ̀yin ẹ sáà máa wà á, èmi á máa tún un ṣe."

"Ṣé títí láé?" ó ní, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. Ìgbà tí mo mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò ló ń sọ, mo ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ sórí.

Ìyá ẹ̀ fẹ́ràn mi ju bó ṣe yẹ kí ìyá ọkọ fẹ́ràn ọmọbìnrin tí gíríìsì wà ní èékánná ẹ̀. Àgbàlá Àlájì yẹn náà ni Màmá, bí mo ṣe ń pè wọ́n, ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń di obì sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀, bí atẹ́gùn bá fẹ́ obì, á gbẹ, bí ooru bá mú un, á jẹrà. Ewé gbòdógí tútù ni wọ́n fi ń tẹ́ apẹ̀rẹ̀ nínú, tí wọ́n fi ń dí gbogbo àlàfo, kó má ṣe sí ibi tí atẹ́gùn máa gbà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dí bíi Màmá ní gbogbo Sábó. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń to ewé wọn, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi okùn ìko tí wọ́n hun bí irun orí dè é. Bí ẹ bá gbé apẹ̀rẹ̀ wọn mì, kò ní dún. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó mi, iṣẹ́ tèmi ni kí n dí ihò, iṣẹ́ tìẹ ni kó o lu ihò. A ó jọ máa bára wa ṣe é."

Lọ́dún tí mo lóyún, Àlájì gbé lándìrófà dé ṣọ́ọ̀bù wa. Irin dúdú tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti pẹta, ó ti là sí méjì.

"Bàbá Súlè, irin tí ẹ dè mọ́ mọ́tò mi yìí, ṣé ti ọkọ̀ ogun ni? Kò jẹ́ kí n kó obì. Bó bá dé àbàtà, ó ń rì. Ẹ bá mi ṣe onífúyẹ́."

"Àlájì, onífúyẹ́ rọ̀. Kùkùté á máa gbẹ́ ẹ bí ọ̀bẹ ṣe ń họ iṣu."

"Ẹ wá èyí tó nípọn."

"Yóò máa pariwo."

"Èmi kọ́ ló ń wà á," ni Àlájì wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín wo Káyọ̀dé.

Bàbá Súlè mú mi lọ sí Ògèrè. Àlùmíníọ̀mù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dán gbinrin, àmọ́ bí mo ṣe tẹ etí ẹ̀ ló kò, ti ìkòkò ni. Èkejì jẹ́ ara bọ́ọ̀sì, ó fẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tírélà kan tó ṣubú, ó nípọn, ó dọ̀tí, ọgbẹ́ wà lára ẹ̀. Bàbá Súlè ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ lo máa yàn án. Ọkọ ẹ ló máa gùn ún."

Mo ronú kan irin dúdú náà, mi ò ní purọ́. Irin dúdú ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí lándìrófà yẹn nínú àbàtà, bó ṣe ń fi imú walẹ̀, tí Káyọ̀dé á máa fi ṣọ́bìrì yọ ọ́ nínú òjò láti ọ̀sán. Irin tó wúwo á tún là, á sì wó sórí ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ ti tírélà yẹn, ó lọ́ra, ó sì padà. Mo fi fáìlì ha á, kò jẹ ẹ́ kíá. Mo ní, "Èyí ni, sà."

Bàbá Súlè tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Wọ́n ní, "Èmi náà, òun ni ǹ bá mú."

A fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó sinmi. Mo gbẹ́ fèrèsé sí i. Mo gé rọ́bà láti ara túùbù táyà, mo fi sáàárín ẹ̀ àti ṣáásí, torí bí àlùmíníọ̀mù bá fara kan irin dúdú nínú omi, á máa yọ funfun bí ìyẹ̀fun, wọ́n á jẹra wọn tán. A fi àlàfo sílẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ó dára. Títí di òní tí mò ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ ó ń pariwo. Bí mọ́tò bá ti kúrò lórí ọ̀dà tó bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, irin náà á máa dún gbàràgbàrà. Káyọ̀dé ní, "Aya mi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì lo so mọ́ abẹ́ mọ́tò mi. Orí ń fọ́ mi." Bàbá Súlè dá a lóhùn pé, "Bó ṣe ń mí nìyẹn. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kó o bẹ̀rù."

Mo bí Bùsọ́lá nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ tí lándìrófà dé ẹnu ọ̀nà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Káyọ̀dé wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Agogo yín ńkọ́?"

"Màmá ti fún un lóògùn."

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo rò pé Bàbá Súlè ló pààrọ̀ rọ́bà. Ọmọ ń sunkún, ọmú ń ro mí, mi ò bi í síwájú.

Ẹnu ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù obì ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ń bọ̀ láti oko, ẹrù kún. Wọ́n gun òkè kan, ẹ́ńjìnnì gbóná, èéfín ń jáde lábẹ́ imú mọ́tò. Káyọ̀dé dúró, ó lé gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ni iná ti ń bọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń da iyanrìn sí i. Iyanrìn ò ràn án. Ó wá mú sípánà, ó ní òun á tú irin náà kó lè já bọ́ pẹ̀lú iná kó tó ran táńkì. Ó ti rí mi tí mò ń tú u lọ́pọ̀ ìgbà, ó mọ nọ́ọ̀tì tó máa kọ́kọ́ dé. Wọ́n ń pè é pé kó jáde. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Irin náà kò pọ́n. Ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì wó lé e láyà pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń jó.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù láàyè. Mo gbé ọmọ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kò jóná lára ẹ̀, kó lè gbọ́ mímí ọmọ náà. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kú kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Òkú ò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá Túndé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, dìde láàárín ẹbí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kì í fi obìnrin sídìí irin. Irin dúdú ló wà lábẹ́ mọ́tò yẹn láti ọjọ́ yìí, àbúrò mi ò kú. Ìyàwó ẹ̀ ló yọ ọ́, òun ló fi irin ìkòkò síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irin tó yàn ló pa ọkọ ẹ̀, ọmọ wa ò ní gbé lọ́dọ̀ ẹ̀." Àwọn kan ní kó rọra. Wọ́n ní kí n lọ wá ohun tó fà á, kí n wá sọ ọ́ fún ẹbí. Màmá jókòó ní kọ̀rọ̀, wọ́n dorí kodò, wọn ò gbé e sókè.

Bàbá Súlè tẹ̀lé mi lọ wo mọ́tò náà níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí. Irin mi ti di ìṣù ńlá kan, ìdajì ẹ̀ ti dì mọ́ ṣáásí. Níbi tí kò tíì jóná tán ní igun ẹ̀yìn, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, mo fa nǹkan dúdú kan jáde. Ewé ni. Ó ti gbẹ, ó ti jó di èédú, síbẹ̀ mo lè ya á sọ́tọ̀. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n tò ó, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn. Okùn ìko tí wọ́n hun bí irun orí ṣì so mọ́ ọn.

Gbogbo fèrèsé tí mo gbẹ́ ni wọ́n dí, àti gbogbo àlàfo. Wọ́n dí i bí a ṣe ń dí apẹ̀rẹ̀ obì kó má dún. Nígbà tí ewé náà tútù, kò sí ewu. Ọyẹ́ ló gbẹ ẹ́, ọ́ìlì sì ń kán sí i díẹ̀díẹ̀, sàléńsà ń yan án.

Bàbá Súlè wo ọwọ́ mi. "Ta ló dí i?"

Mo káwọ́ mọ́ ewé náà.

"O mọ ẹni náà."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Bó o bá sọ ọ́, ọmọ ẹ á wà lọ́wọ́ ẹ, iṣẹ́ ẹ á sì wà lọ́wọ́ ẹ. Bó o ò bá sọ ọ́, orúkọ tìẹ ni wọ́n máa fi pe ikú yìí."

"Orúkọ tiyín náà ńkọ́, sà? Ṣọ́ọ̀bù yín ni."

Wọ́n gba ewé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́, atẹ́gùn ọyẹ́ gbé e lọ. "Èmi ti dàgbà," ni wọ́n wí. "Orúkọ mi ti tó mi lò."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo mọ́tò tí a ti de irin sí lábẹ́. A fẹ fèrèsé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò lè fi nǹkan dí i mọ́. Bí awakọ̀ bá bèèrè ìdí, Bàbá Súlè á ní, "Kí ohunkóhun má ṣe sí lórí irin yìí, ìbáà jẹ́ bébà. Bó bá ń dún, ẹ jẹ́ kó máa dún." Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ lè bi mí pé ṣé kí ọmọbìnrin kọ́ iṣẹ́ irin. Ẹ kọ́ ọ. Ó dáa fún orí, ó dáa fún ọwọ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú di yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín lè kọ́ yín ní gbogbo ìwà irin, kó má kọ́ yín ní ohun tí olólùfẹ́ lè fi ìfẹ́ ṣe sí iṣẹ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é tán. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín fún ènìyàn, ẹ sọ òfin ẹ̀ fún ìyá ẹ̀ àti gbogbo ará ilé ẹ̀, kí ẹ má ṣe rò pé ẹni tó ń gùn ún nìkan ló máa fọwọ́ kàn án.

Màmá, ìyá ọkọ mi, sùn nínú Olúwa nígbà òjò tó kọjá yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ohun tó kù. Bùrọ̀dá Túndé náà á kà á, kó kà á.

Ọ̀sán ni Màmá wá bá mi, nígbà tó ku ọ̀la kí n lọ jíṣẹ́ fún ẹbí. Mò ń wẹ Bùsọ́lá lọ́wọ́. Ìyàwó mi ni wọ́n máa ń pè mí. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ní, "Fọlákẹ́."

"Mà."

"Wọ́n ní o ti lọ wo mọ́tò náà."

"Mo ti lọ, mà."

Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn ò wọlé, wọn ò jókòó. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lára ìró wọn, ìka wọn ń hun etí ìró náà, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń hun ún. Wọ́n ti rù. Láti ọjọ́ tí a ti sìnkú, omi ẹ̀kọ nìkan ló ń wọ ẹnu wọn.

"Ìwọ lo mọ nǹkan abẹ́ mọ́tò," ni wọ́n wí. "Má purọ́ fún mi. Ṣé ewé ni?"

Ọmọ ń fi ẹsẹ̀ lu omi. Mo gbé e jáde nínú báàfù, mo fi aṣọ wé e, kí n lè ní ibi tí mo máa wò.

"Rárá, mà. Irin ni."

"Irin ni?"

"Irin ni, mà. Kò dáa tó. Èmi ni mo yàn án."

Wọ́n wá wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́. Mo gbé ọmọ fún wọn. Wọ́n fi imú kan orí ẹ̀, wọ́n sì sunkún, ẹkún tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ ikú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ebi ń pa wọ́n. Mo gbé oúnjẹ wá, wọ́n jẹ ẹ́.

Mo lọ sọ ohun kan náà fún ẹbí. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kó tó dé Sábó, kó tó dé Íńtáṣéńjì. Kò sí awakọ̀ tó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin kan ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé irin òun ló pa ọkọ òun, èmi náà ò sì dúró kí ebi tó pa Bàbá Súlè nítorí mi. Bùrọ̀dá Túndé wá gba ọmọ. Màmá ló dínà mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Bó o bá fẹ́ gbé ọmọ yìí kúrò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, orí òkú mi lo máa gbà kọjá." Wọ́n kó ẹrù wọn wá sínú yàrá mi lọ́jọ́ yẹn, a jọ ń ta búrẹ́dì pẹ̀lú màmá mi.

Àlájì ránṣẹ́ pè wọ́n títí pé obì ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè dí i. Wọn ò lọ. Wọn ò fọwọ́ kan ewé gbòdógí mọ́ títí wọ́n fi kú. Mi ò bi wọ́n ní ìdí ẹ̀, àwọn náà ò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́.